ÌṢIRÒ INÁ MÀNÀMÁNÁ TÓ YẸ KÍ GBOGBO ILÉ MỌ̀

 

Ojú ìwé ẹ̀kọ́ yìí ni a máa ń fi ṣàlàyé ìrun, ààwẹ̀, sàká àti ogún pípín. Lọ́tẹ̀ yìí, iná mànàmáná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa tán, ẹ ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọ̀rọ̀ àmánà sì ni pẹ̀lú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ-KÉWÚ WA

Gbogbo wa tí a ń gbé Òkè-Ọya ni a mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń mú ní ìdájí. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ìyá asalátù bẹ̀ wá pé kí a máa pèsè omi gbígbóná fún àlùwàlá ìrun àsùbá, nítorí àwọn àgbàlagbà. Ọ̀rọ̀ náà dára, a sì gbà á. A ra híítà méjì, irú èyí tí a ń ki bọ inú omi, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. A wá ra wáyà èsítẹ́ńṣọ̀n kan tó gùn ní mítà mẹ́wàá, kí iná lè ti inú mọ́sáláásí dé àgbàlá tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Kí wáyà má baà gbé ẹnikẹ́ni ṣubú, a gbà á abẹ́ ẹní yàrá tí àwọn ọmọ ti ń kéwú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, a wà lórí ìrun nígbà tí òórùn rọ́bà tó ń jóná dé. Nígbà tí a sálámà tán, èéfín ti kún yàrá àwọn ọmọ. A yára pa iná láti orísun, a da iyẹ̀pẹ̀ sí i, Ọlọ́hun sì kó wa yọ. Ẹní jóná, wàláà méjì jóná, àpò kan tí ìwé àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ jóná. Kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ sí àkókò tí àwọn ọmọ ìbá jókòó sórí ẹní yẹn gan-an.

Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni a gbọ́ lẹ́yìn náà. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àwọn kan ní kádàrá ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná tí a ránṣẹ́ pè ni kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó gbé wáyà náà sọ́wọ́, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin Áfáà, ẹ jọ̀wọ́, wáàtì mélòó ni ẹ gbé lé wáyà yìí?” A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tó lè dáhùn.

Ẹ̀yin ará, àwa tí a ń kọ ìwé yìí ni a ra wáyà náà. Aṣọ ni a ń tà ní ọjà. Kò sí ọjọ́ tí a kì í fi ọ̀pá wọn aṣọ fún oníbàárà, tí a kì í ṣọ́ra kí ó má dín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a lọ ra wáyà, iye owó nìkan ni a béèrè. A kò béèrè ìwọ̀n rẹ̀. A gba kádàrá gbọ́, ìyẹn wà nínú òpó ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ hádíìsì ọkùnrin tó béèrè nípa ràkúnmí rẹ̀, tí Tirmidhi gbà wá, a sì mọ ìdáhùn tí Ànábì (SAW) fún un. Àwa kò so ràkúnmí tiwa mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tí a ní kó kọ́ wa ní ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kọ́ nìyí, àwa náà sì ń fi í jíṣẹ́ fún yín.

OHUN MẸ́RIN TÍ A Ó MỌ̀

Ẹ ronú sí táńkì omi tó wà lórí igi gíga, tí páìpù ti inú rẹ̀ wá sí ìdí ẹ̀rọ àlùwàlá.

Èkíní ni fóólìtì, tí a ń kọ báyìí: V. Bí táńkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń fi ipá jáde tó. Fóólìtì ni ipá tó ń ti iná láti inú wáyà. Iná tó ń wọ ilé wa ní Nàìjíríà yẹ kó jẹ́ fóólìtì 230. Lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ ó rí 240.

Èkejì ni áńpíà, tí a ń kọ báyìí: A. Òun ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn kọjá nínú wáyà, gẹ́gẹ́ bí a ti lè wọn omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ mú èyí dání dáadáa, nítorí pé áńpíà ló ń mú wáyà gbóná.

Ẹ̀kẹta ni óòmù, àmì rẹ̀ ni Ω, ó dà bí bàtà ẹṣin. Òun ni ìdènà. Páìpù tóóró kì í jẹ́ kí omi kọjá bó ṣe wù ú, páìpù gbàǹgbà a máa jẹ́ kó ṣàn. Bákan náà ni wáyà tínrín àti wáyà nínípọn. Bí wáyà bá sì ṣe gùn sí i ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹrin ni wáàtì, tí a ń kọ báyìí: W. Òun ni bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ṣe yára tó, ìbáà jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ooru, tàbí yíyí fáànù.

Orúkọ ènìyàn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alessandro Volta ará Ítálì ló fi bátìrì àkọ́kọ́ han aráyé ní ọdún 1800. André-Marie Ampère jẹ́ ará Faransé. James Watt, tó tún ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi ṣe, jẹ́ ará Skọ́tíláǹdì. Georg Simon Ohm jẹ́ ará Jámánì, wọ́n bí i ní 1789. Ti Ohm yìí ló wù wá jù lọ láti sọ fún àwọn ọmọ wa. Alágbẹ̀dẹ àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló wá ìmọ̀ ìṣirò kiri, tó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Olùkọ́ ilé-ìwé ni Ohm nígbà tó ṣe ìwádìí tó fi mọ bí fóólìtì, áńpíà àti ìdènà ṣe so mọ́ ara wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1827. Àwọn ènìyàn kò tètè kà á sí ní ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1841 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Royal Society, fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rò pé òwò tí ẹ ń ṣe kò jẹ́ kí ẹ lè kọ́ ọmọ yín ní nǹkan, ẹ wo bàbá Ohm.

ÌṢIRÒ NÁÀ

Méjì péré ni ohun tí a ó há sórí.

Èkíní: V = A × Ω. Fóólìtì jẹ́ áńpíà lọ́nà óòmù.
Èkejì: W = V × A. Wáàtì jẹ́ fóólìtì lọ́nà áńpíà.

Bí a bá ti mọ méjì, a ó rí ẹ̀kẹta. Láti inú èkíní, bí a bá fẹ́ mọ ìdènà, a ó fi áńpíà pín fóólìtì: Ω = V ÷ A. Bí a bá fẹ́ mọ áńpíà, a ó fi óòmù pín fóólìtì: A = V ÷ Ω. Láti inú èkejì, a ó fi fóólìtì pín wáàtì: A = W ÷ V.

Èyí kò ṣàjèjì sí àwa onímọ̀ ogún pípín. Nínú ogún, a mọ gbogbo dúkìá, a mọ ìpín àwọn kan, a sì ń wá ìpín ẹni tó kù. Àgbà onímọ̀ nì, al-Khwarizmi, tó kọ ìwé rẹ̀ ní Bagdad ní nǹkan bí ọdún 820, apá ńlá nínú ìwé náà ló fi ṣàlàyé ìṣirò ogún. Láti inú orúkọ ìwé rẹ̀, al-jabr, ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ aljẹ́búrà tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìṣirò iná kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ kéwú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. Ẹ yí áyọ́ọ̀nù ilé yín padà, ẹ wo àkọlé ara rẹ̀. Ká ní ẹ rí 230V, 1000W.

Áńpíà rẹ̀: 1000 ÷ 230 = 4.35 A.
Ìdènà rẹ̀: 230 ÷ 4.35 = 52.9 Ω.

Bí àkọlé bá ti parẹ́ ńkọ́? Oníṣẹ́ iná ní mítà ọwọ́ tó lè fi wọn fóólìtì àti áńpíà. Ká ní ó wọn híítà kan, ó rí fóólìtì 225 àti áńpíà 4. Ìdènà híítà náà ni 225 ÷ 4 = 56.25 Ω. Agbára rẹ̀ ni 225 × 4 = 900 W. Nǹkan méjì ni a wọ̀n, nǹkan mẹ́rin ni a mọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ WÁYÀ WA FI JÓNÁ?

Ẹ jẹ́ kí a wá dáhùn ìbéèrè tí a kò lè dáhùn lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó wà lórí wáyà nìyí:

Híítà ọkùnrin: 1500 W
Híítà obìnrin: 1200 W
Áńpílífáyà ìpèrun: 200 W
Gílóòbù márùn-ún, 20 W lọ́kọ̀ọ̀kan: 100 W
Àpapọ̀: 3000 W

Áńpíà tó ń kọjá: 3000 ÷ 230 = 13.04 A. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní 13.

Wáyà tí a rà ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: 0.75 mm². Èyí ni bí irin bàbà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Fún wáyà rírọ̀ onírọ́bà tí a ń lò fún ẹ̀rọ ilé, àwọn onímọ̀ ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ báyìí:

0.5 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju 3 A.
0.75 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju 6 A.
1.0 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju 10 A.
1.25 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju 13 A.
1.5 mm² kò gbọdọ̀ gbé ju 15 A.

A gbé áńpíà 13 lé wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju 6 lọ. Híítà ọkùnrin nìkan, 1500 ÷ 230, jẹ́ 6.5 A. Ìyẹn ni pé híítà kan ṣoṣo ti kọjá agbára wáyà náà kí a tó gbé èkejì lé e.

Ẹ má rò pé nítorí pé 13 fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì 6, ooru náà á fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì. Rárá. A ti rí i pé W = V × A. A sì ti rí i pé V = A × Ω. Bí a bá fi èyí rọ́pò V, a ó rí i pé W = A × A × Ω. Èyí ni ooru tí wáyà fúnra rẹ̀ ń mú jáde. Ẹ wo bí áńpíà ṣe wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Wáyà bàbà 0.75 mm² ní ìdènà tó tó 0.026 Ω nínú mítà kan. Èsítẹ́ńṣọ̀n wa gùn ní mítà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà ogún ni a ó kà: 20 × 0.026 = 0.52 Ω. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ wo ohun tó ṣe:

Bí áńpíà 6 bá kọjá: 6 × 6 × 0.52 = 18.7 W.
Bí áńpíà 13 bá kọjá: 13 × 13 × 0.52 = 87.9 W.

Gbogbo wa la mọ gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, a mọ̀ pé bí ó bá ti tàn fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ kò ṣeé fi kàn án. Ooru tó ju ti gílóòbù yẹn lọ ni a tẹ́ sí abẹ́ ẹní àwọn ọmọ wa. Bí wáyà bá wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ á máa gbé lára ooru náà lọ. Abẹ́ ẹní ni tiwa wà, kò sí ibi tí ooru lè gbà, ó ń kó jọ títí rọ́bà fi yọ́, tí irin méjì fi kan ara wọn. Nínú ọyẹ́, tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, ẹ mọ ohun tó kù.

Ká ní wáyà 2.5 mm² ni a fi ṣe é, ìdènà mítà kan rẹ̀ kò ju 0.008 Ω lọ. Mítà ogún á jẹ́ 0.16 Ω, ooru rẹ̀ lábẹ́ áńpíà 13 á jẹ́ 13 × 13 × 0.16 = 27 W, tó máa tàn káàkiri ara wáyà tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó tí a fi dín in kù lọ́wọ́ olówò kò tó owó ẹní tó jóná.

FÍÚSÌ KÌ Í ṢE Ọ̀ṢỌ́

Àwọn kan bi wá pé, “Ṣé kò sí fíúsì nínú púlọ́ọ̀gì yín ni?” Ó wà. Fíúsì 13 A ni. Fíúsì 13 ń jẹ́ kí áńpíà 13 kọjá ní tirẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwa ni a kò mọ̀ pé wáyà tó tẹ̀ lé e kò lè gbé e. Iṣẹ́ fíúsì ni pé kí ó kọ́kọ́ já kí wáyà tó gbóná, nítorí náà fíúsì gbọ́dọ̀ kéré sí agbára wáyà. Wáyà tó lè gbé 6 A, fíúsì 5 A ni kí ẹ fi sí i. Áńpílífáyà 200 W kò gbà ju 0.87 A lọ, fíúsì 3 A tó o.

A tún bẹ yín, ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń fi bébà fàdákà inú páálí sìgá tàbí okùn wáyà dí ojú fíúsì tó ti já, ó ti lé ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ lọ. Bí fíúsì bá já, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ SÍLẸ̀ TÀBÍ TÓ GÒKÈ

A máa ń sọ pé iná kò lágbára. Ìṣirò yìí ló ń fi ìdí rẹ̀ hàn. Áyọ́ọ̀nù tí a wò lẹ́ẹ̀kan, ìdènà rẹ̀ jẹ́ 52.9 Ω. Bí iná bá lọ sílẹ̀ sí fóólìtì 150:

150 ÷ 52.9 = 2.84 A
150 × 2.84 = 426 W

Áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì ti di 426. Fóólìtì kò dín tó ìdajì, ṣùgbọ́n agbára ti dín ju ìdajì lọ. Bí iná bá sì gòkè sí 280:

280 ÷ 52.9 = 5.29 A
280 × 5.29 = 1481 W

Ìdí nìyí tí nǹkan fi ń jó nígbà tí iná bá dédé mọ́lẹ̀ kọjá ààlà. Bí gílóòbù bá tàn rokoṣo lójijì, ẹ yára pa ẹ̀rọ.

Ẹ fi ìkìlọ̀ kan sí i. Ìṣirò ìdènà yìí tọ́ fún ohun tó ń mú ooru jáde: áyọ́ọ̀nù, híítà, kẹ́tù. Ohun tó ní mọ́tò nínú, bíi fíríìjì àti ẹ̀rọ fífa omi, kò tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ sílẹ̀, mọ́tò lè máa fa áńpíà púpọ̀ sí i títí yóò fi jóná. Nígbà tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń fa ìlọ́po áńpíà tó kọ sára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, ìdí nìyí tó fi ń kérora tí fíríìjì bá fẹ́ gbéra.

OMI, ẸSẸ̀ LÁSÁN ÀTI INÁ

Ibi yìí ni kí àwọn ìyá wa tẹ́tí sí jù lọ. Ara ènìyàn náà ní ìdènà. Bí ara bá gbẹ, ìdènà rẹ̀ pọ̀. Bí ara bá tutù, bí ti ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, ó lè lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 1000 Ω. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀:

230 ÷ 1000 = 0.23 A

Ó kéré sí áńpíà tí gílóòbù oníwáàtì 60 ń gbà, èyí tó jẹ́ 0.26. Ṣùgbọ́n áńpíà 0.03 tó bá gba àyà ènìyàn kọjá lè da ọkàn rú. Ohun tó ń lọ nínú gílóòbù kan ṣoṣo ju ohun tó lè pa ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ omi tí híítà ṣì wà nínú rẹ̀, kódà kí ẹ ti pa ojú iná. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò, ẹ yọ híítà jáde, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu omi. Ẹ má ṣe lo báàkẹ́tì onírin. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kí ó ní kí oníṣẹ́ iná fi ẹ̀rọ agbanilà sí ibi tí iná ti ń wọlé, irú èyí tí wọ́n kọ 30 mA sí. Ìyẹn jẹ́ 0.03 A. Bí iná bá ti yà sára ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà á já fúnra rẹ̀.

ÌDÁJỌ́ ÒDODO NÍNÚ OWÓ INÁ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ilé alárúnpọ̀, tí mítà jẹ́ ọ̀kan fún ayálégbé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ìjà ló ń bá pínpín owó iná rìn. Ohun tí mítà ń kà ni yúníìtì, yúníìtì kan sì jẹ́ 1000 wáàtì fún wákàtí kan.

Ẹni tó ń lo híítà 1500 W fún ìdajì wákàtí lójúmọ́, yúníìtì 0.75 ni lójúmọ́, 22.5 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń tan gílóòbù 10 W fún wákàtí mẹ́fà, yúníìtì 0.06 ni lójúmọ́, 1.8 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a bá fi ₦100 ṣe iye yúníìtì kan, fún àpẹẹrẹ, ẹni àkọ́kọ́ jẹ gbèsè ₦2,250, ẹni kejì ₦180. Bí a bá ní kí wọ́n dá iye kan náà, tí oníhíítà sì mọ̀ tó dákẹ́, kò yàtọ̀ sí ọlọ́jà tó dín òṣùwọ̀n kù. Ẹ lọ ka Suratul Mutaffifin kí ẹ rí ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ. Tẹ́lẹ̀, àwíjàre wa ni pé a kò mọ bí a ṣe lè ṣírò rẹ̀. Àwíjàre yẹn ti tán lónìí.

ÌDÁNWÒ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-KÉWÚ

1. Gílóòbù kan jẹ́ 12 W, iná jẹ́ 230 V. Áńpíà mélòó ló ń gbà?
2. Kẹ́tù kan ń gba 5 A lórí iná 220 V. Kí ni agbára rẹ̀ ní wáàtì? Kí ni ìdènà rẹ̀ ní óòmù?
3. Èsítẹ́ńṣọ̀n kan jẹ́ 1.0 mm². Ṣé a lè gbé áyọ́ọ̀nù 1200 W àti híítà 1500 W lé e lẹ́ẹ̀kan náà lórí iná 230 V?

Ìdáhùn: (1) 12 ÷ 230 = 0.052 A. (2) 220 × 5 = 1100 W; 220 ÷ 5 = 44 Ω. (3) 2700 ÷ 230 = 11.7 A. Wáyà náà kò gbọdọ̀ gbé ju 10 lọ. Rárá, kò ṣeé ṣe.

OHUN TÍ A ṢE

Ẹ̀yin ará, a ti tún iná mọ́sáláásí ṣe. Wáyà 2.5 mm² ló lọ sí àgbàlá báyìí, ara ògiri ló gbà, kò gba abẹ́ ẹní. Híítà méjèèjì kò ní jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ mọ́; bí ti obìnrin bá gbóná tán, a ó gbé ti ọkùnrin sí i. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ló kọ àpapọ̀ wáàtì àti áńpíà sára páálí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ohun tuntun lé e, ìbáà jẹ́ àwa Áfáà fúnra wa, gbọ́dọ̀ fi wáàtì rẹ̀ kún àpapọ̀ náà lójú àwọn ọmọ kó tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan dá ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa dúró tòun ti kẹ́tù lọ́wọ́. Àgbà náà gbé kẹ́tù rẹ̀ padà, a sì gbàdúrà fún ọmọ náà.

Ẹ wo wáyà ilé yín lónìí, kí ẹ tó sùn. Ẹ ká ẹní sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ ka àkọlé ara ẹ̀rọ yín, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi 230 pín in. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́hun dárí àìmọ̀ wa jì wá, kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní ibikíbi tí wọ́n bá jókòó sí. Ààmín.